Bí Wọ́n Bá Sún Ààlà, Ta La Máa Pè?

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo wà níbi iṣẹ́, òun ni mò ń rò, mo délé, ọkọ mi ní kí ló dé tóo dákẹ́ báyìí, mo ní ọ̀rọ̀ káńsù ni, ó ní káńsù bíi ti báwo? Ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n fẹ́ tún ààlà káńsù pín lágbègbè Leicester tí à ń gbé yìí, abúlé wa sì wà létí ìlú gan-an, débi pé tí wọ́n bá sún ìlà yẹn síwájú díẹ̀ a ti di ará ìlú nìyẹn, tí wọ́n bá sì fi í síbi tó wà, inú káńsù tuntun tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí rí la máa bọ́ sí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí àwọn tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn ò mọ̀ pé màá kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK ti gbọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mi ò ní tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. December 2024 ni ìjọba gbé ìwé jáde pé àwọn ò fẹ́ kí káúntì (káńsù ńlá tó bo gbogbo àgbègbè) àti dísítíríìtì (àwọn káńsù kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀) jọ máa ṣèjọba lórí ibì kan náà mọ́, pé káńsù kan ṣoṣo ló yẹ kó máa ṣe gbogbo ẹ̀, kí èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì tó bí 500,000. Lọ́dọ̀ tiwa, káńsù ìlú Leicester fẹ́ kí ààlà òun gbòòrò kó lè kó àwọn ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára wọlé. Àwọn dísítíríìtì àti Rutland, káúntì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní kí ìlú dúró síbi tó wà, kí wọ́n pín ìyókù sí àríwá àti gúúsù. Káúntì ní tiẹ̀ ní ẹ má pín ìyókù rárá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé ká dìbò yan kánsẹ́lọ̀ tuntun ní May 2027, kí àwọn káńsù àtijọ́ sì kógbá wọlé ní April 2028.

Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ìròyìn. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ọ̀rọ̀ páríìṣì, òun gan-an ló sì ká mi lára.

Káńsù tó kéré jù, tó sún mọ́ni jù

Mi ò sọ̀rọ̀ páríìṣì ti ṣọ́ọ̀ṣì o. Páríìṣì káńsù ni mò ń wí, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìjọba ilẹ̀ England. Òfin ọdún 1894 ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì tó bí 10,000 káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ wọn ni kì í gba owó oṣù. Akọ̀wé ló ń gbowó, nígbà mìíràn òun nìkan sì ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní, òun ló ń kọ lẹ́tà, òun ló ń ṣírò owó, òun náà lẹ máa pè tí ìlẹ̀kùn họ́ọ̀lù bá há.

Iṣẹ́ wọn ò lórúkọ ńlá. Pápá táwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, jangirọ́fà, oko kéékèèké tí wọ́n ń háyà fún aráàlú (ibẹ̀ lèmi náà ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ nígbà ooru, ó sì ń ṣe dáadáa), bẹ́ńṣì, bọ́ọ̀sì-sìtọ́ọ̀pù tó ní òrùlé, itẹ́ òkú. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé sí abúlé, káńsù ńlá á bi páríìṣì pé kí lẹ rí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páríìṣì kọ́ ló ń buwọ́ lù ú. Owó tí wọ́n fi ń ṣe é wà nínú káńsù tásì tí à ń san, ìlà kékeré kan lórí ìwé owó tí ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ kà dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Nígbà tí màmá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, orúnkún ń dùn wọ́n, kò sì sí ìjókòó níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á kàn fara ti ògiri kan tó tutù bíi yìnyín títí bọ́ọ̀sì á fi dé. Mo sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ páríìṣì nígbà tí a jọ wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò kọ ímeèlì, mi ò kún fọ́ọ̀mù kankan. Ó ní òun á fi sí àjẹ́ńdà, ó sì fi sí i, wọ́n jiyàn lórí owó ẹ̀ nínú míìtìn, wọ́n gbà á wọlé, bẹ́ńṣì náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Màmá ti padà sílé kó tó dé, àmọ́ àwọn àgbàlagbà mìíràn ń jókòó lórí ẹ̀.

Ìbéèrè tó dá míìtìn dúró

Míìtìn alẹ́ ni, nínú họ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀, aráàlú tó máa ń wá kì í ju bí mẹ́ta mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ṣe ni wọ́n ń kó àga jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti lẹ máàpù mọ́ ògiri, ti àbá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀, àwọn èèyàn sì dúró síwájú ẹ̀, wọ́n ń fi ìka wá ilé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí mọ̀ pé wọ́n máa ń fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa káńsù tásì pé ti ìlú wọ́n ju tiwa lọ, ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nípa ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí pápá, ohùn ti ń ga díẹ̀díẹ̀, alága ń fi ọwọ́ juwọ́ sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n rọra.

Ni màmá kan bá na ọwọ́. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n á ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò dìde, wọ́n di báàgì wọn mú lórí itan. Wọ́n ní ọkọ àwọn wà ní itẹ́ òkú páríìṣì, pé àwọn ti ra àyè tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìwé ẹ̀ wà nílé. Wọ́n ní ohun tí àwọn kàn fẹ́ mọ̀ ni pé, tí ààlà bá yí padà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin àwọn, ṣé ará ibí làwọn máa jẹ́ àbí àlejò?

Gbogbo họ́ọ̀lù pa lọ́lọ́. Ẹni tí ò bá mọ bí itẹ́ òkú ṣe rí níbí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin fún páríìṣì láṣẹ láti ní itẹ́ òkú tiẹ̀, kó sì dá iye tó fẹ́ gbà lé e. Lọ́pọ̀ ibi, ará páríìṣì ń san iye kan, ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ń san ìlọ́po méjì, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́ta. Torí náà, ta ni ará ibí jẹ́ ìbéèrè tó lówó nínú, yàtọ̀ sí pé ó ń dunni.

Akọ̀wé wa ò parọ́ fún wọn. Ó ní àyè tí ẹ ti rà, tiyín ni, ó wà nínú ìwé, kò sí káńsù tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ó ní àmọ́ owó tí wọ́n máa gbà lọ́jọ́ ìsìnkú, ọwọ́ ẹni tó bá ń bójú tó itẹ́ òkú nígbà yẹn ló wà. Ó ní pípa tí wọ́n fẹ́ pa dísítíríìtì rẹ́ kò pa páríìṣì rẹ́ lábẹ́ òfin, a ṣì máa wà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2007 fún káńsù ńlá tó bá wà lórí wa láṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò páríìṣì, kó dá tuntun sílẹ̀, kó da méjì pọ̀, kódà kó fagi lé e. Ó wá fi kún un pé nínú ìlú Leicester bó ṣe wà yìí, kò sí páríìṣì kankan, ẹyọ kan kò sí, torí náà òun ò lè ṣèlérí bí wọ́n á ṣe ṣe é.

Ohun tó wọ̀ mí lára ju ìdáhùn náà lọ ni pé akọ̀wé yẹn ò béèrè orúkọ màmá náà. Ó mọ ọkọ wọn. Ó sọ ibi tí sàárè náà wà, lápá igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ní òun á mú ìwé ẹ̀ wá fún wọn nílé kí wọ́n má baà wá sí ọ́fíìsì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo máàpù tó wà lára ògiri, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ ti iye èèyàn àti iye owó, kò sì sí èyí tó sọ bóyá ẹnì kan máa wà nínú káńsù tuntun yẹn tó mọ ibi tí ọkọ màmá yìí sùn sí.

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn lè kú l'Ékòó kí wọ́n gbé e dé Ìkàrẹ́ torí kó lè sùn sílé bàbá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé ìbéèrè màmá yẹn fún ọmọ Yorùbá.

Ìlú náà ní ẹjọ́ tiẹ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìlú náà ò ṣàdédé fẹ́ ilẹ̀ olówó. Àwa tí à ń gbé létí ìlú, inú ẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀ la ń lọ, bọ́ọ̀sì ẹ̀ là ń wọ̀, títì ẹ̀ ni mọ́tò wa ń bà jẹ́, síbẹ̀ káńsù tásì wa ń lọ síbòmíì. Ààlà ẹ̀ ti há mọ́ ọn, ilé tí ìjọba ní kó kọ́ ò gba ilẹ̀ tó ní, débi pé wọ́n ti pín ilé tó lé ní 18,000 fún àwọn dísítíríìtì tó yí i ká láti bá a kọ́ títí di 2036. Ilé tí wọ́n bá sì kọ́ síbẹ̀, àwọn tó máa gbé e, ìlú náà ni wọ́n á máa wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tún wò ó, ọ́fíìsì àgbà ti káúntì, Glenfield ló wà, lẹ́yìn ààlà ìlú, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ń kọjá níwájú ẹ̀, Leicester ló máa pè é.

Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Aylestone, Belgrave àti Knighton wọ inú ìlú ní bíi 1891 sí 1892, Evington wọlé ní 1935. Abúlé ni gbogbo wọn nígbà kan. Mo ní ọ̀rẹ́ ní Evington, wọn ò ṣọ̀fọ̀ o, wọ́n ní pààkì tó dáa ju tiwa lọ, orúkọ àdúgbò wọn sì wà lára bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé tí bẹ́ńṣì bá kán ládùúgbò wọn ta ni wọ́n ń bá sọ ọ́, ó ní àwọn á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ibẹ̀ ò parẹ́, ẹni tí wọ́n lè bá sọ ọ́ lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù ni ò sí.

Ibẹ̀ ni èmi ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo "ẹ gbà wá lọ́wọ́ ìlú" lábúlé wa. Mi ò bẹ̀rù ìlú. Tí mo bá wo àwọn tó ń jà kí ààlà má yí, mo rí i pé àwọn kan nínú wọn ní àga tí wọ́n jókòó lé ní dísítíríìtì, mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n àga yẹn kọ́ ni ìṣòro mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìtọ́jú arúgbó, ọ̀nà ńlá, ilé ìwé, káńsù ńlá ni ọwọ́ ẹ̀ tó o. Sàárè, bẹ́ńṣì, oko ẹ̀fọ́, ọwọ́ ńlá yẹn ò lè wọ ibẹ̀, kò sì yẹ ká fipá tì í wọ̀ ọ́.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn aládùúgbò wa

Rutland tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ̀ nípa ààlà ju ẹnikẹ́ni lọ. Èèyàn ibẹ̀ ò ju bí 41,000 lọ. Lọ́dún 1974, ìjọba dà á mọ́ Leicestershire, káúntì tiwa, wọ́n sọ ọ́ di dísítíríìtì lásán. Àwọn ará ibẹ̀ ò gbà, wọ́n ń jà á lọ títí di 1997 tí wọ́n fi gba káńsù tiwọn padà. Ní báyìí wọ́n tún ti sọ fún wọn pé wọ́n kéré jù láti dá dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún bàbá kan ní Oakham, ní Rutland, tó bá wọn jà nígbà yẹn pé kó má bínú.

Northamptonshire náà wà nísàlẹ̀ wa. Owó tán lọ́wọ́ káúntì wọn ní 2018, nígbà tó fi máa di April 2021 wọ́n ti sọ káńsù mẹ́jọ di méjì. Káńsù Northampton fúnra ẹ̀ lọ, ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ní láti dá káńsù ìlú tuntun sílẹ̀ fún un, irú ti páríìṣì, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ní ẹni tó ń gbọ́ tiwọn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po, wọ́n gbé agbára lọ sókè, wọ́n sì tún ní láti padà wá kọ́ nǹkan kékeré sísàlẹ̀.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ sókè níbẹ̀ ni owó. Tí káńsù ńlá tuntun bá ń wá owó tí kò rí, pápá àti họ́ọ̀lù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ tì sọ́wọ́ páríìṣì. Ìjọba fi gègé sí iye tí káńsù ńlá lè fi kún káńsù tásì láì ṣe ìdìbò aráàlú, ṣùgbọ́n wọn ò fi sí ti páríìṣì. Torí náà ìlà kékeré yẹn lórí ìwé owó wa lè má kéré mọ́. Mo ṣe tán láti san án tí mo bá mọ ohun tó wà fún, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún wa kí wọ́n tó fa ìlà.

"Kí ló kàn wá níbẹ̀?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ nìyẹn o, kí ló kàn wá níbẹ̀? Jẹ́ ká mójú tó físà wa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé àwọn onílẹ̀ ló ń bá yín san káńsù tásì ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, kí la lè ṣe sí i? A ò tíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́yin ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí dúró díẹ̀. Ẹ ò nílò pásípọ́ọ̀tù wọn láti dìbò káńsù. Torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ti pé 18, tó ń gbé England, tí físà ẹ̀ ṣì wà láàyè, lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò, títí kan ìdìbò páríìṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kàwé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣiṣẹ́ kíà (ìtọ́jú àgbàlagbà àti aláìsàn), ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ tiẹ̀ lè du ipò kánsẹ́lọ̀, tó bá ti wà ládùúgbò náà fún odindi ọdún kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọ́n ní irọ́ ni, mo gbé fóònù mi síta mo fi hàn wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tó fà á tí ọ̀rọ̀ ààlà káńsù fi máa ń sú wa. Nílé, a ti rí bó ṣe ń lọ. Nígbà tí Èkó dá LCDA 37 (àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké tí ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ gé jáde) sílẹ̀ ní 2003, ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dúró, ó di ẹjọ́ dé Supreme Court. Lọ́dọ̀ wa, ṣe làwọn èèyàn ń bẹ̀ pé ẹ gé wa sọ́tọ̀, ẹ fún wa ní tiwa. Níbí, wọ́n ń bẹ̀ pé ẹ má dà wá pọ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì rí i pé nǹkan kan náà ni ará Ìjọba ìbílẹ̀ l'Ékòó àti màmá tó di báàgì mú yẹn ń wá, kí ìjọba wà níbi tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ẹnu ẹni la sì fi ń kọ mé jẹ, kò sẹ́ni tó máa bá wa kọ̀ ọ́.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́

Mo ti fi èrò mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba èrò aráàlú lórí ọ̀rọ̀ ààlà náà. Mi ò sọ pé kí ààlà ìlú má sún. Mo ní tí wọ́n bá máa sún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí pé gbogbo páríìṣì tó bá wọlé máa wà bó ṣe wà, kí itẹ́ òkú wọn wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹni tó ti ra àyè má san owó àlejò láéláé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àdúgbò tó ti wà nínú ìlú náà ní tiwọn tí wọ́n bá fẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní London, wọn ò gba páríìṣì láyè láti 1965 títí òfin fi yí padà ní 2007, àwọn ará Queen's Park ní Westminster jà fún un, wọ́n sì dìbò yan káńsù tiwọn ní 2014. Níbi tí olùdìbò bá ti ju 2,500 lọ, tí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá buwọ́ lùwé, káńsù ńlá gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò náà. Belgrave lè ṣe é. Evington lè ṣe é.

Àyè kánsẹ́lọ̀ kan ṣí sílẹ̀ ní páríìṣì wa báyìí, ẹni tó wà níbẹ̀ kó lọ síbòmíì, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìbò sí i, torí náà àwọn tó kù ló máa yan ẹni tó máa wọlé. Mo ti gba fọ́ọ̀mù. Ọkọ mi ní ṣé màá ráyè ni, mo ní alẹ́ kan lóṣù ni, òun lá máa se oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kò burú. Ọ̀rọ̀ owó itẹ́ òkú wà lórí àjẹ́ńdà míìtìn tó ń bọ̀, bí wọ́n bá gbà mí o, bí wọn ò gbà mí o, mo máa na ọwọ́ níbẹ̀.